Bí A Ṣe Mú Fọ́tò Òkè-Àkò Fúyẹ́

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó fún mi ní fóònù kékeré kan tí gíláàsì rẹ̀ ti là, ó kọ orúkọ ìkànnì ayélujára mẹ́ta sínú bébà, ó ní kí n wọ ọ̀kadà lọ sí Àsìn, kí n jókòó síbi tó bá wù mí, kí n ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì padà wá sọ ohun tí ojú mi bá rí.

Bọ̀dá Kúnlé ni orúkọ ọ̀gá mi yìí. Ọmọ Ìkọ̀lé ni. Ó ti ṣiṣẹ́ nílùú Ìbàdàn fún ìgbà pípẹ́ kó tó padà wálé, tó wá gba yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, tó ń ṣe ìkànnì fún àwọn ilé ìwé, ìjọ àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Èmi Yẹ́misí ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ ni. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ oko ni mo kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo rí. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo ìjọ wa pé ọmọ òun ti wọ ọ́fíìsì. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni ọ́fíìsì náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Àsìn, mo jókòó sábẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gúsí. Ó fún mi ní ọsàn mẹ́ta. Mo tẹ ìkànnì àkọ́kọ́, ti ilé ìwé kan ní Ìkọ̀lé. Ojú fóònù funfun báláú. Mo bó ọsàn kan, mo mu ún tán, ojú fóònù ṣì funfun. Ìgbà tí mo dé ìdajì ọsàn kejì ni orúkọ ilé ìwé náà yọ. Lẹ́yìn náà ni orí ọ̀gá ilé ìwé jáde, láìsí ọrùn. Obìnrin náà bi mí pé ta ni mò ń retí. Mo ní ilé ìwé kan ni mo fẹ́ wò. Ó ní ṣé ó jìnnà ni. Mo ní rárá, Ìkọ̀lé níbí ni. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní ká ní mo ti fẹsẹ̀ rìn láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọsàn àkọ́kọ́, ǹ bá ti rí ọ̀gá náà tọrùn-tọrùn.

Mo padà lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Bọ̀dá Kúnlé. Inú ń bí mi díẹ̀, nítorí mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá fa àga fún mi.

“Yẹ́misí, iṣẹ́ wa nìyẹn,” ó ní. “Ìkànnì tó rẹwà lójú èmi tí mo wà nídìí kọ̀ǹpútà kò tíì ṣe nǹkan kan. Ìgbà tó bá ṣí fún obìnrin ẹlẹ́gùúsí yẹn la tó ṣiṣẹ́.”

Ohun tó máa ń dá ìkànnì dúró báyẹn, lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́tò ni. Ọ̀rọ̀ kì í wúwo. Ìtàn odidi ìlú kan lè fúyẹ́ ju fọ́tò ọba ìlú náà kan ṣoṣo lọ. Nínú fọ́tò tí kámẹ́rà ńlá bá yà, àwọn àmì wínníwínní aláwọ̀ oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀, wọ́n pọ̀ bí iyanrìn. Ojú fóònù kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló lè lò, síbẹ̀ gbogbo wọn ni yóò rin ìrìn àjò wá, tí wọn yóò sì máa jẹ dátà ẹni tó ń dúró dè wọ́n.

Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n dín fífẹ̀ fọ́tò kù kó tó ìwọ̀n ojú fóònù tí yóò gbé e, lẹ́yìn náà kí n fún un pọ̀. Nígbà tí mo bá ní mo fún fọ́tò pọ̀, ohun tí mò ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà yóò wá ibi tí àwọ̀ ti jọra, bí ojú ọ̀run tàbí ògiri, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan dípò kó máa kọ ọ́ lákọtúnkọ. Èmi ni mo máa sọ fún un bí yóò ṣe fún un tó. Tí mo bá fún un níwọ̀n, ojú kò ní mọ̀ pé nǹkan kan lọ. Tí mo bá fún un jù, àwòrán náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í là sí igun mẹ́rin mẹ́rin bí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ táìlì sí.

Mo fún un jù rí. N kò ní fi í pamọ́. N kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìjọ kan ní Ìdó kó fọ́tò àjọ̀dún wọn fún wa. Nígbà náà, ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú ni kí n máa rí i tí ìwúwo fọ́tò ń já wálẹ̀. Bó bá ti ń fúyẹ́ sí i ni orí mi ń wú sí i. Mo kó gbogbo fọ́tò ìjọ náà pa pọ̀, mo fún wọn dé òpin, mo sì kó wọn lé orí èyí tí wọ́n fún wa, tó fi jẹ́ pé ojúlówó pòórá. Ní ọjọ́ kejì, ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin wọn pè mí. Ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀lẹ́.

“Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́,” ó ní. “Mo rí aṣọ mi, mo sì rí ibi tí mo dúró sí. Orí ta ni ẹ wá gbé lé e?”

Mo ṣí fọ́tò náà. Ojú àwọn akọrin dà bí mọ́ínmọ́ín tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó ya fọ́tò fún wọn sì ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú kámẹ́rà tirẹ̀. Bọ̀dá Kúnlé kò pariwo. Ó ní kí n lọ sí Ìdó, kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. Mo lọ, mo kúnlẹ̀ fún ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní kí n dìde. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin tún wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n tún tò sórí àtẹ̀gùn, wọ́n tún ya fọ́tò. Àwọn méjì tí kò sí níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ráyè bọ́ sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán, ìyá olórí akọrin fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n má bínú sí ara mi mọ́, nítorí fìlà òun wọ́ nínú ti tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, n kì í fọwọ́ kan ojúlówó. Ẹ̀dà rẹ̀ ni mo máa ń ṣe, èyí tí wọ́n gbé fún mi yóò sì wà ní ibi tirẹ̀ títí láé. Mo rò pé ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí ni mo ti kọ́ tán yẹn. Òkè-Àkò ló wá jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ṣì kù.

Bàbá kan wà ní Òkè-Àkò tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Fọ́tò. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń ya fọ́tò. Kò sí ẹni tó wọ ilé ìwé, tó gbéyàwó, tó bímọ, tó ra kẹ̀kẹ́ tàbí tó ń lọ sí Èkó ní ìlú náà tí kò kọ́kọ́ jókòó níwájú kámẹ́rà rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ó tọ́jú gbogbo fíìmù rẹ̀ sínú páànù bisikíìtì, ó kọ orúkọ sí ara wọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Fúnmiláyọ̀, tó jẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn, kó àwọn fíìmù náà lọ, ó sì fi ẹ̀rọ kan kó àwọn àwòrán inú wọn sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi gbọ́, wọ́n ní kí a bá àwọn ṣe ìkànnì tí gbogbo àwòrán náà yóò wà, kí ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ọmọ Òkè-Àkò lè rí àwọn èèyàn rẹ̀ níbẹ̀. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta nígbà náà. Bọ̀dá Kúnlé gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tí Àǹtí Fúnmiláyọ̀ ṣe dára púpọ̀. Ó dára débi pé fọ́tò kan ṣoṣo nínú wọn wúwo ju odidi ìkànnì tó dá mi dúró ní Àsìn lọ. Mo lọ bá Bàbá ní ilé rẹ̀ láti ṣàlàyé pé mo máa mú wọn fúyẹ́. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó mú fọ́tò ìgbéyàwó kan jáde tí wọ́n ti tẹ̀ sínú ìwé kan nígbà kan rí. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ti gé e ní ìsàlẹ̀ kí àyè lè gbà á. Orúnkún ìyàwó ni fọ́tò náà parí sí.

Ó ní bàtà tuntun tó wà lẹ́sẹ̀ ìyàwó náà gan-an ló torí rẹ̀ wá ya fọ́tò. Ọkọ rẹ̀ ló rà á fún un láti Kánò. Nígbà tí ìyàwó náà rí ìwé yìí, ó sunkún. “Láti ìgbà náà,” Bàbá ní, “ẹnikẹ́ni kò gé fọ́tò mi mọ́. Bí mo ṣe yà á ni kí wọ́n ṣe wò ó.”

Mo ní n kò ní gé ohunkóhun, mo kàn máa fún un pọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun kò tíì rí ohun tí wọ́n fún tí nǹkan kan kò jáde lára rẹ̀.

Àǹtí Fúnmiláyọ̀ pè mí nígbà tó gbọ́. Ó ní kí n má wulẹ̀ bá bàbá òun jiyàn, kí n rọra ṣe é, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, kò ní mọ̀. N kò ní purọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo sọ ọ́ fún Bọ̀dá Kúnlé. Ó mi orí. Ó ní bàbá ló ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí n gbé e sórí ìkànnì bó ṣe fẹ́ ẹ, kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá ó dára. Mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó wà ní òkè òkun ṣí i wẹ́rẹ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ fọ́tò. Ní Èkó náà, ó ṣí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba sùúrù díẹ̀. Ìlú kan ṣoṣo tí kò ti ṣí ni Òkè-Àkò.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo wà ní ilé Bàbá Fọ́tò láti gba orúkọ àwọn tí a kò mọ̀ nínú àwòrán. Kọ̀ǹpútà mi wà ní Ìkọ̀lé, ìwé àti bírò nìkan ni mo mú wá. Obìnrin àgbàlagbà kan wọlé, ó fi ìborùn wé fóònù rẹ̀ mọ́yà bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó kí wa pé a kú uṣẹ́, bí àwọn àgbà wa ṣe ń pe iṣẹ́ ní ìhà ibẹ̀. Yèyé Àjíkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ilé rẹ̀ sì wà ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí ọ̀nà ti wọ oko.

Ó jókòó, ó sọ ohun tó gbé e wá. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tí òun Àjíkẹ́ wà ní ọmọdé. Fọ́tò kan ṣoṣo ni ìyá náà yà láyé, Bàbá Fọ́tò ló sì yà á, ní ìgbà tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ tán, tó gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Yèyé gbé fọ́tò náà kọ́ sára ògiri ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, títí ìjì fi ṣí òrùlé ilé rẹ̀ ní ọdún kan. Òjò wọ inú gíláàsì, fọ́tò lẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tó sì fẹ́ rọra yọ ọ́, ó fọ́ sí i lọ́wọ́. Kò rí ojú ìyá rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Àfi bí ọmọ ọmọ rẹ̀, Ṣeun, tó wà ní Èkó, ṣe pè é lọ́jọ́ kan pé òun rí i lórí ìkànnì ìlú wọn, orúkọ rẹ̀ sì wà ní abẹ́ rẹ̀. Fóònù Yèyé ti pẹ́, kò gba ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń fi fọ́tò ránṣẹ́ síra wọn mọ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣí ìkànnì. Ṣeun ti kọ́ ọ níbi tí yóò tẹ̀.

Òwúrọ̀ mẹ́rin ni Yèyé ti rìn lọ sí orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dára jù. Òwúrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni dátà rẹ̀ ti tán kí ohunkóhun tó jáde. Ó wá bi Bàbá Fọ́tò bóyá nǹkan kan wà tó yẹ kí òun sọ tàbí kí òun ṣe kó tó ṣí.

Bàbá wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí a lọ.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ sórí àpáta náà. Mo fi dátà tèmi sí fóònù Yèyé, Bàbá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fúnra òun ni yóò dì í mú. A dúró. Oòrùn ń mú wa. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, nǹkan kan yọ lókè ojú fóònù: etí gèlè kan, lẹ́yìn náà ìdajì gèlè. Yèyé sún mọ́ ọn, ó fi ìka rẹ̀ kàn án. Ó ní gèlè ìyá òun ni, òun mọ̀ ọ́n. A ń retí iwájú orí. Kò wá. Ó dúró sí gèlè.

Bàbá kò gbé fóònù náà sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé nígbà tí òun ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn, òun náà máa ń dúró. Òun yóò ti bébà sínú omi, òun yóò máa wò ó, ojú èèyàn yóò sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú funfun. Ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ràn tó ìdúró yẹn nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

“Ṣùgbọ́n tèmi máa ń jáde,” ó ní. Ó dá fóònù padà fún Yèyé, ó kọjú sí mi. “Lọ gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá. Wàá fún un pọ̀. Àmọ́ iwájú mi ni wàá ti ṣe é.”

Mo padà dé ní ọjọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ yẹn wà lára àwọn ọ̀sẹ̀ tí inú mi dùn jù lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó mú gíláàsì ńlá tó fi ń wo fíìmù dání, a sì jọ ń wo fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó gbà fún mi, ó ní kí n kọ́kọ́ dán òun wò. Mo gbé ojúlówó sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbé èyí tí mo ti fún pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, n kò sọ èwo ni èwo. Ó wo méjèèjì pẹ́. Ó tọ́ka sí ti ọwọ́ ọ̀tún, ó ní tòun nìyẹn, kí n wo bí ojú ọmọ náà ṣe dán, kí n wá wo bí ti òsì ṣe rọ̀ bí ewé tó ti pẹ́ lórí igbá. Ti ọwọ́ ọ̀tún ni mo fún pọ̀.

Mo kàn ní, “Bàbá, ẹ má bínú.” Ó wò mí, ó wo fọ́tò, ó bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi ti ilé ìdáná yọjú. Ó ní kí n tún gbé òmíràn wá. Nínú márùn-ún, mẹ́ta ló ṣì. Ó ní ó dára, kí a máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kí n má sọ èyí fún Fúnmiláyọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ó kan fọ́tò ìyá Yèyé Àjíkẹ́. Mo ti ṣe é sílẹ̀ dáadáa, mo tilẹ̀ ń yangàn nítorí bó ṣe fúyẹ́. Obìnrin náà jókòó sórí àga onígi, gèlè rẹ̀ ga, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, ògiri funfun wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá gbé gíláàsì sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ó wò ó. Ó tún un wò.

“Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà?” ó bi mí.

Mo ní kò ní ilà. Ó ní kí n ṣí ojúlówó. Mo ṣí i, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ilà tín-ín-rín mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí bí irun orí. Kọ̀ǹpútà ti kà wọ́n mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yí wọn ká, bó ṣe ń ka ògiri mọ́ ògiri, ó sì ti nù wọ́n. Ojú tó kù dán, ó mọ́, ó lẹ́wà, kò sì ṣe tẹni kan. Bàbá kò bá mi wí. Ó ní ní ìgbà tó ń ya fọ́tò náà, òun ní kí obìnrin náà yíjú díẹ̀ sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè mú ilà náà jáde, nítorí ilà náà ni obìnrin yìí fẹ́ kí wọ́n máa fi mọ òun.

“Pẹ̀lú ilà yìí, ìyá Àjíkẹ́ ni,” ó ní. “Láìsí i, ìyá ẹnikẹ́ni ni.”

Kò sí ìwé kankan nínú èyí tí mo ti kà nípa iṣẹ́ yìí tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà ni mo ti jáwọ́ nínú kíkó ojú èèyàn pa pọ̀ fún ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bẹ̀rẹ̀ fọ́tò náà lákọ̀tun. Mo fún ògiri dáadáa, mo fún ilẹ̀, mo fún ibi tí òjìji wà, ṣùgbọ́n mo fi ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọnà ara aṣọ sílẹ̀. Ó wúwo díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì tó nǹkan. Bàbá ní ó kù díẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Mo tún un ṣe. Ó ní ó tó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó ń sọ fún mi ibi tí ọkàn fọ́tò wà àti ibi tó jẹ́ ògiri lásán. Mo sì fi ọ̀nà kan sí i: èyí tó fúyẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jáde fún gbogbo èèyàn, ẹni tó bá sì fẹ́ wo iṣẹ́ Bàbá gan-an bó ṣe yà á yóò tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ yóò sì jáde, ti bàtà ti bàtà. Ìgbà tí mo fi ìyẹn hàn án, ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó.

Ní ọjọ́ tí mo gbé wọn sí orí ìkànnì tán, a lọ sí ilé Yèyé Àjíkẹ́. Ìyẹn la fi ń dán iṣẹ́ wò: a kò lọ sórí àpáta, iwájú ilé rẹ̀ la jókòó sí, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò ti ju àmì kan lọ. Mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé fóònù sórí itan, ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ó ti mọ̀ pé yóò pẹ́. Mo ní, “Yèyé, ẹ wò ó.”

Ìyá rẹ̀ ti wà níbẹ̀.

Yèyé gbé fóònù náà sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún sún mọ́ ọn. Ó fi ìka tẹ̀ lé ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí tó jókòó lé, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó gbé fóònù náà sórí àpótí tó ti dìde, ó sì kí ìyá rẹ̀ pé ẹ kú àtijọ́. Ó kí i fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ibi tí wọ́n wà. Ó ṣe díẹ̀, ó gbójú sókè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Mo ti dàgbà jù ú lọ,” ó ní. “Ẹ wo ọmọdé tó bí mi.”

Bàbá Fọ́tò ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwa yòókù sì bá a. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Yèyé wọlé lọ. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti pààrọ̀ aṣọ, ó ti wé gèlè tó ga bíi ti ìyá rẹ̀. Ó gbé àga onígi kan síwájú ògiri, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ó ní kí Bàbá ya òun náà, kí wọ́n gbé òun sí ẹ̀gbẹ́ ìyá òun.

Bàbá ní òun kò ya fọ́tò mọ́, ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Yèyé kò dìde. Mo gbé fóònù mi fún Bàbá, mo gbé àga mìíràn wá kó lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ìtìlẹ́yìn fún ọwọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga náà. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà sí ti ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí Àjíkẹ́ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ó ní kó yíjú sí ìhà oòrùn. Ó ní kó má mí. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní ó ti wà níbẹ̀. Mo wò ó, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Lójú wọn ni mo ti fún un pọ̀, Bàbá sì fi gíláàsì rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbé e sórí ìkànnì, sí ẹ̀gbẹ́ ti ìyá náà. Mo ti ṣe fọ́tò ẹgbẹẹgbẹ̀rún láti ìgbà náà, fún ilé ìwé, fún oníṣu Ìjẹ̀ṣà-Isu, fún ilé ìwòsàn, mo sì ti kọ́ àwọn mìíràn ní iṣẹ́ náà. N kò tíì rí èyí tó dùn mọ́ mi tó méjì yẹn.

Lọ́jọ́ náà, n kò tíì tú wáyà kọ̀ǹpútà mi tán nígbà tí Ṣeun pè láti Èkó. Yèyé gbé e sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́. Ṣeun ní òun rí fọ́tò méjì báyìí, òun ò mọ èwo ni èwo mọ́, nínú àwọn méjèèjì, ta ni ìyá?

“Èyí tó kéré ni ìyá,” Yèyé ní. “Èmi àgbàlagbà yìí ni ọmọ.”

Ṣeun ní kó tún un sọ. Bàbá Fọ́tò na ọwọ́, ó gba fóònù náà, ó gbé e sún mọ́ ẹnu.

“Ṣeun,” ó ní, “èmi ni mo ya àwọn méjèèjì.”